Kì í ṣe àìbìkítà ló dá àwọn ìdílé dúró ní pápákọ̀ òfurufú

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́tà kan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ni ó mú mi gbé kálàmù. Ẹni tí ó kọ ọ́ ní òun kò rí ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń ráhùn títí di òní olónìí nípa bí wọ́n ṣe dá wọn padà ní pápákọ̀ òfurufú nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà. Ó ní òfin wà nílẹ̀, ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ kà á kò ní rí wàhálà kankan, àti pé aláìbìkítà ni gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà náà. Òótọ́ ni pé òfin wà nílẹ̀. Ohun tí ó fi sílẹ̀ láìsọ ni pé àgbàlagbà kan ṣoṣo, tí ó ń dá rìn, tí ó sì ń wọ bàálù kan ṣoṣo láti ilé dé ibi tí ó ń lọ, ni àwọn tí wọ́n kọ òfin náà ní lọ́kàn. Ìdílé kì í rìn bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní àyè kí n fi ohun tí ojú tèmi rí ṣe àlàyé.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àwa mẹ́fà ni a gbéra lọ sí Kánádà: èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa mẹ́ta, àti ìyá mi tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọmọ ọdún 11 ni àkọ́bí wa nígbà náà, èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ọmọ ọdún 6, àbíkẹ́yìn sì jẹ́ ọmọ ọdún 3. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni à ń lọ, ẹni tí kò tíì fojú kan Màmá láti ìgbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020 pé àrùn náà ti di àjàkálẹ̀. Òfin Kánádà nígbà náà ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 5 gbọ́dọ̀ mú èsì àyẹ̀wò wá, irú àyẹ̀wò tí ó ń wá àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà bíi PCR, kí èsì náà fi hàn pé kò sí àrùn lára rẹ̀, kí ó sì má ju wákàtí 72 lọ láti ìgbà tí wọ́n gba omi imú rẹ̀ sí àkókò tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì pé bàálù tí yóò gbé e wọ Kánádà yóò gbéra. Ẹni tí ó bá ti ní àrùn náà rí, tí ara rẹ̀ sì ti yá, lè mú ìwé àyẹ̀wò tí ó sọ pé àrùn wà lára rẹ̀ wá dípò èyí, bí ìwé náà bá ti pé ọjọ́ 14 tí kò sì tíì ju ọjọ́ 180 lọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a ó tún kọ ọ̀rọ̀ nípa ara wa àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a gbà sínú ètò orí fóònù tí wọ́n ń pè ní ArriveCAN, láàárín wákàtí 72 kí a tó balẹ̀.

Ẹ wo ilé kan ṣoṣo. Ènìyàn mẹ́rin nílò èsì tuntun. Àbíkẹ́yìn kò nílò nǹkan kan. Màmá, tí àrùn náà ti ṣe ní oṣù Keje, ní ìwé ọjọ́ 12 oṣù náà lọ́wọ́ tí ó sọ pé wọ́n ti ní in, ìwé ọ̀hún sì ti di ọjọ́ 87 ní ọjọ́ ìrìn-àjò wa. Nígbà tí mo ṣe àlàyé fún wọn, wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé ìwé tí ó ní mo ṣàìsàn ni yóò wá mú mi wọ ìlú onílùú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro: àyẹ̀wò PCR máa ń rí àfọ́kù àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ara ènìyàn ti yá tí kò sì lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́, nítorí náà bí a bá ní kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe àyẹ̀wò tuntun, ó ṣeé ṣe kí a dá a dúró lásán. Òfin tí ó lọ́gbọ́n nínú ni. Ṣùgbọ́n ká ní Amẹ́ríkà ni à ń lọ ni, ọjọ́ 90 ni tiwọn, ìwé dókítà tí ó sọ pé ara ti yá sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ì bá ṣẹ́kù fún Màmá. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, lábẹ́ ìwé-ẹ̀rí kòrónà, èyí tí ó ń fi abẹ́rẹ́, àyẹ̀wò tàbí ara tí ó ti yá hàn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2021, láti ọjọ́ kọkànlá títí dé ọjọ́ 180 ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Ara kan náà ni, àrùn kan náà ni, èsì kan náà ni.

Ó tọ́ kí n dúró díẹ̀ lórí wákàtí 72 yìí, nítorí òun ni ó da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú jù. Bàálù tí yóò gbé wa wọ Kánádà yóò gbéra láti ìlú àárín ọ̀nà, níbi tí a ti fẹ́ pààrọ̀ bàálù, ní aago kan ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 7. Mo mú bírò, mo kà á padà sẹ́yìn: aago kan ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4. Bí a bá lọ ṣe àyẹ̀wò ní àárọ̀ ọjọ́ náà, bí gbogbo ènìyàn ti máa ń ṣe kí èrò tó pọ̀, a ti pàdánù. Bí a bá sì dúró di ọjọ́ kejì, ilé àyẹ̀wò ní ó lè tó wákàtí 48 kí èsì tó jáde, bẹ́ẹ̀ bàálù wa àkọ́kọ́ yóò gbéra ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ Ọjọ́rú. Àyè tí a ní kò ju ọ̀sán kan lọ. Ìdílé tí ó ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́, tí ó ní àgbàlagbà tí kò lè dúró pẹ́ lórí ìlà, ni kí ó wá kó ara rẹ̀ jọ sínú ọ̀sán kan yẹn.

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n gba tiwa. Nọ́ọ̀sì náà gbé ọ̀pá tín-ín-rín tí òwú wà lórí rẹ̀ sókè, ó ní kí ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́fà gbé orí sẹ́yìn kí ó máa ka ení, èjì, ẹ̀ta. Ọmọ ka ení. Ó ka èjì. Kí ó tó dé ẹ̀ta, ó ti di ọwọ́ nọ́ọ̀sì mú, ó sì fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ení." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ení. Mo sọ èyí nítorí pé wákàtí tí ó ṣe pàtàkì nínú òfin ni wákàtí tí wọ́n gba omi imú, kì í ṣe wákàtí tí èsì jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ka tiwọn láti ìgbà tí èsì dé sórí fóònù wọn, tí wọ́n sì rò pé ọjọ́ méjì ṣì kù fún wọn nígbà tí kò ku nǹkan kan. Bí wákàtí náà kò bá sì sí lórí ìwé, tí ó jẹ́ pé ọjọ́ nìkan ni wọ́n kọ, kò sí bí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ṣe lè kà á fún ọ.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni èsì jáde. Gbogbo wa yege. Ṣùgbọ́n lórí ìwé ọmọ ọlọ́dún mẹ́fà, orúkọ tèmi gan-an ni wọ́n kọ síbi tí orúkọ ìdílé yẹ kí ó wà, orúkọ rẹ̀ kejì kò sì sí níbẹ̀ rárá. Mo padà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ mú bírò, ó fi ìlà fa orúkọ náà, ó kọ èyí tí ó tọ́ sí òkè rẹ̀, ó fi ẹ̀rín dá ìwé náà padà fún mi. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìyàwó mi tó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó ní, "Ta ni yóò gba ìwé tí ẹ fi bírò tún ṣe?" Ó gbé e padà sórí tábìlì, ó fà àga, ó jókòó. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó tẹ òmíràn jáde fún wa.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò sí nínú òfin kankan tí mo kà. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé àwòrán nínú páásípọ́ọ̀tù, ìlà méjì kan wà tí ẹ̀rọ ń kà, lẹ́tà àti àmì 44 ló sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ ìdílé ni ó máa ń ṣáájú níbẹ̀, àwọn orúkọ yòókù a tẹ̀ lé e, gbogbo àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà a sì ti lọ. Bí orúkọ bá ṣe wà lórí ìlà yẹn ni kí ilé àyẹ̀wò kọ ọ́, lẹ́tà sí lẹ́tà, pẹ̀lú nọ́ńbà páásípọ́ọ̀tù àti ọjọ́ ìbí. Orúkọ tí a ń pe ọmọ nílé kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe níbẹ̀. Ti ọjọ́ náà tún wà: ilé àyẹ̀wò kọ 04/10/2021, òṣìṣẹ́ tí ó yẹ ìwé wa wò lálẹ́ ọjọ́ náà sì kà á bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kà á, ó ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ni a ṣe àyẹ̀wò wa, ó ti lé ní oṣù márùn-ún. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a bínú síra wa. Bí wọ́n bá kọ oṣù ní lẹ́tà, bí ó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù, kò sí ẹni tí yóò ṣi ìyẹn kà.

A kò tíì kúrò lórí káńtà náà tí òmíràn fi dé. Arákùnrin náà wo àbíkẹ́yìn tí ó sùn sí èjìká ìyá rẹ̀, ó ní, "Èsì tirẹ̀ ńkọ́, sà?" Mo ní ọmọ ọdún mẹ́ta ni, òfin kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní láti ọmọ ọdún méjì sókè ni. Mo mọ ibi tí ó ti rí ìyẹn. Òfin Amẹ́ríkà ni, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2021, àwọn tí ó sì ń wọ bàálù lọ sí Amẹ́ríkà ni ó wà fún. Ti Kánádà bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún 5. Ìmọ̀ràn ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà ni pé kí wọ́n má béèrè àyẹ̀wò lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ti àyẹ̀wò kí a tó gbéra, ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ti pé ọdún 11. Ìdílé tí ó bá gba ibi mẹ́ta kọjá lè pàdé òdiwọ̀n ọjọ́ orí mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan. Ohun tí ó gbà wá ni pé mo ti tẹ ojú ewé ìjọba Kánádà jáde sórí bébà, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo tẹ̀ ẹ́ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n pe ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ní kí a máa lọ. Ó gbà wá ní ogójì ìṣẹ́jú.

Mi ò bú arákùnrin náà o. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú máa ń san owó ìtanràn bí wọ́n bá gbé ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé dé ìlú onílùú, àwọn náà ni yóò sì gbé e padà. Òṣìṣẹ́ tí kò dá lójú yóò sọ pé rárá, nítorí "rárá" kì í ná ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní nǹkan kan. Èsì ayédèrú sì pọ̀ nígbà náà, débi pé àjọ ọlọ́pàá ilẹ̀ Yúróòpù, Europol, ṣe ìkìlọ̀ lórí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2021. Ojú tí wọ́n fi ń wo olè ni wọ́n fi ń wo gbogbo wa, mo sì mọ ìdí rẹ̀.

Bàálù wa àkọ́kọ́ pẹ́ ní wákàtí mẹ́jọ. Nígbà tí a ó fi dé ìlú àárín ọ̀nà, èyí tí ó ń lọ sí Kánádà ti gbéra. Wọ́n fi wá sí ti ọjọ́ kejì, aago kan ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 8. Arábìnrin tí ó wà lórí káńtà níbẹ̀ fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ó to ìwé wa sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ìka kà á, ó ní nígbà tí bàálù tuntun yìí bá máa gbéra, èsì wa yóò ti di wákàtí 93 àti ogójì ìṣẹ́jú. Ó wá fa ìwé méjì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀yin mẹ́rin, ẹ gbọ́dọ̀ ṣe òmíràn. Àwọn méjì yìí lè lọ." Ìyá mi tí wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún àti ọmọ ọdún mẹ́ta ni àwọn méjì náà. Ohun tí ó sọ kò sì ní àṣìṣe nínú, bí a bá ń tẹ̀ lé ìwé. Màmá wo àbíkẹ́yìn, àbíkẹ́yìn wo Màmá, mo sì rí i pé bí mo bá fún wọn láyè wọn ì bá lọ lóòótọ́.

A ṣe àyẹ̀wò tuntun nínú pápákọ̀ òfurufú náà. A sun orí àga. Mo tún gbogbo ohun tí mo ti kọ sí ArriveCAN kọ fún ènìyàn mẹ́fà nítorí pé ọjọ́ àti nọ́ńbà bàálù ti yí padà. Èsì jáde lóru, a sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì. Ibo ni àìbìkítà wà nínú èyí? Ṣé nínú bàálù tí ó pẹ́ ni, tàbí nínú bírò ilé àyẹ̀wò, tàbí nínú òṣìṣẹ́ tí ó ka òfin orílẹ̀-èdè mìíràn?

Mo sì mọ̀ pé tiwa rọrùn. Ìdílé ọ̀rẹ́ mi kan bá èyí tí ó le pàdé. Gbogbo wọn ṣe àyẹ̀wò, ara gbogbo wọn le, èsì jáde, àrùn wà lára ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́jọ, kò sì sí lára àwọn yòókù. Òfin sọ ohun tí ọmọ náà gbọ́dọ̀ ṣe: kò gbọ́dọ̀ wọ bàálù. Kò sọ ẹni tí yóò dúró tì í. Bàbá dúró, ìyá kó àwọn méjì yòókù lọ, ó sì di ní orí káńtà ni wọ́n tó mọ̀ pé òbí kan ṣoṣo tí ó ń kó ọmọ rìn kọjá ààlà lè nílò lẹ́tà ìyọ̀ǹda láti ọ̀dọ̀ òbí kejì, kí agbẹjọ́rò sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Kò sí ẹni tí ó ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé òun yóò pín ìdílé òun sí méjì ní ọjọ́ ìrìn-àjò. Láti ìgbà náà ni èmi àti ìyàwó mi ti ń kọ lẹ́tà yẹn fún ara wa kí a tó kúrò nílé, yálà àrùn wà níta tàbí kò sí. Ìwé kan péré ni.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má ṣe àyẹ̀wò. Àrùn náà pa ènìyàn, ó pa ẹni tí mo mọ̀, ẹni tí ó bá sì ń sọ pé kí ààlà ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà náà kò sọ òtítọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀nà kíkà tí kò ni ìdílé lára wà, àwọn kan sì lò ó. Amẹ́ríkà, pẹ̀lú gbogbo líle rẹ̀, ọjọ́ ni ó ń kà, kì í ṣe wákàtí. Nígbà tí wọ́n dín ọjọ́ mẹ́ta kù sí ọjọ́ kan ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ẹni tí bàálù rẹ̀ yóò gbéra ní Ọjọ́ Ẹtì lè ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ ní ìgbàkígbà ní Ọjọ́bọ̀, láàárọ̀ tàbí lálẹ́. Kò sí pé a ń fi bírò wá ìṣẹ́jú. Ẹni tí ó bá sì ra gbogbo ìrìn-àjò rẹ̀ pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, bí kò bá dúró ju wákàtí 24 lọ níbi tí ó ti ń pààrọ̀ bàálù, láti orí bàálù àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń ka tirẹ̀. Bí Kánádà bá ti kà á bẹ́ẹ̀ fún wa, a kì bá tí ní ààbọ̀ wàhálà tí a ní. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan yẹn náà kéré fún ibi tí ilé àyẹ̀wò kò ti yá. Pé wọ́n ń gba àyẹ̀wò àyáraṣe tí wọ́n ń pè ní antigen láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó mú kí ó ṣeé fara dà, títí wọ́n fi fagi lé òfin náà pátápátá ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2022.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé kì í ṣe pé ayé kò mọ bí a ṣe ń ṣe ìwé kan tí gbogbo orílẹ̀-èdè yóò gbà. Ìwé pélébé aláwọ̀ ìyeyè ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú wà láti ọjọ́ pípẹ́. Ojú kan náà ni ó ní níbi gbogbo, èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti láti ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2016 ni ó ti di pé ẹ̀ẹ̀kan tí ènìyàn bá ti gbà á, ó ti tó o títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Òfin Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2005 ni ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Ti kòrónà kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Abẹ́rẹ́ AstraZeneca tí wọ́n ṣe ní Íńdíà, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí ní oṣù Kejì ọdún 2021, kò sí lára èyí tí ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ Yúróòpù kà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn kan náà ni wọ́n ń gún fún àwọn ará Yúróòpù láti ilé iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti pinnu bóyá òun yóò gbà á. Ọkọ àti ìyàwó lè gba abẹ́rẹ́ tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kí ọ̀kan wọlé kí wọ́n sì dá èkejì dúró nítorí ibi tí wọ́n ti ro oògùn náà pọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ àwọn ìjọba pé kí wọ́n má sọ ìwé abẹ́rẹ́ di ọ̀nà kan ṣoṣo tí ènìyàn lè gbà rìnrìn-àjò. Ìmọ̀ràn lásán ni, kì í ṣe àṣẹ.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba ètò ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ Yúróòpù yẹn mọ́ra kí ó lè di ti gbogbo ayé. Oṣù kan ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, àjọ náà ti kéde pé pàjáwìrì kòrónà ti parí. Ilé ti jó tán kí omi tó dé. Ṣùgbọ́n omi náà wà nínú àgbá nísinsìnyí, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ìgbà tí ara tù wá yìí ni ó yẹ kí a sọ ohun tí a fẹ́ kí wọ́n kọ sínú ètò náà, kí àrùn mìíràn tó dé. Tèmi kò pọ̀. Kí wọ́n máa ka àkókò láti ìgbà tí wọ́n gba omi imú sí ìgbà tí a wọ bàálù àkọ́kọ́, kí ó má sì bàjẹ́ nítorí pé bàálù pẹ́. Kí ọjọ́ orí tí ọmọdé ti ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo. Kí òfin sọ, ní gbólóhùn kan péré, ohun tí ìdílé yóò ṣe bí àrùn bá wà lára ọ̀kan nínú wọn. Ti èyí tí ó kẹ́yìn yìí jẹ mí lógún ju àwọn yòókù lọ.

Ní ti ẹni tí ó kọ lẹ́tà tí mo ń fèsì sí, mi ò bá a jà. Fáìlì ìrìn-àjò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi: èsì mẹ́rin àkọ́kọ́, èsì mẹ́rin kejì, ìwé tí wọ́n fi bírò tún ṣe tí ìyàwó mi kọ̀ láti jù nù, ojú ewé òfin tí mo tẹ̀ jáde, àti ìwé àìsàn Màmá ní òkè gbogbo wọn. Bí ó bá fẹ́, kí ó kọ̀wé sí mi nípasẹ̀ yín, n ó ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kí ó fi ìlà pupa sí abẹ́ ibi tí mo ti ṣe àìbìkítà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́